Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú yìnyín: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Kábà

Páànù bàbà méjì tó dojú kọ ara wọn, kọ́ìlì kan, sẹ́kítì kékeré kan tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí 20 MHz (ìgbà mílíọ̀nù ogún nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), àti Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré, tó ń ka ìgbọ̀n náà: gbogbo ẹ̀rọ náà kò ju ìyẹn lọ. Tí mo bá bu yìnyín sáàrin páànù méjèèjì, yóò sọ iye omi tó ti yọ́ sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, láìjẹ́ pé mo fún omi rẹ̀ jáde tàbí kí n dúró dìgbà tó bá yọ́ tán. Mo ń kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń tún rédíò àti ínfátà ṣe láti Ìjùmú dé Yàgbà, láti Bùnú dé Ọ̀wọ́rọ̀, ní irinṣẹ́ tó tó láti ṣe irú rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ yìnyín

Káṣú ni mo ń lé. Tí ìgbà káṣú bá dé nílẹ̀ Òkun, ẹni tó fẹ́ rà á máa ń ki ọwọ́ bọ inú àpò, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á mì ín, á la ọ̀kan méjì, á sì ní kò tíì gbẹ. Owó tó fẹ́ san á já wálẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti ń sá a lórí kọnkéré bọ̀ mọ̀ pé ó gbẹ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kankan tó lè fi dá a lóhùn. Ti àgbàdo náà kò yàtọ̀. Wọ́n ní kó gbẹ dé ìdá 13 nínú 100 kí a tó kó o sí àká kó má baà bu, àmọ́ eyín la fi ń dán an wò. Tó bá ró kàkà lábẹ́ eyín, a ní ó ti gbẹ.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń wọn ọ̀rinrin ọkà, kapásítọ̀, ìyẹn páànù irin méjì tó ń gba iná mànàmáná pamọ́ láàrin ara wọn, ni wọ́n gbára lé: wọ́n ń wo bí omi inú hóró ṣe ń yí kapásítọ̀ náà padà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ mi lè ká irú rẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni òdo. Kò sí àgbàdo tí mo lè gbé síwájú kí n sì búra pé kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ lókè ààrò fún oṣù púpọ̀ ṣì ní omi. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ ibi tí òdo wà, àbá lásán ni gbogbo ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà.

Yìnyín yàtọ̀. Tí yìnyín bá wà ní dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, kò sí omi ṣíṣàn nínú rẹ̀ tí irú ẹ̀rọ yìí lè rí. Òdo tó dájú nìyẹn. Tí mo bá sì gbé e kúrò nínú òtútù, yóò máa yọ́ lójú mi, omi á máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun kan náà, láàrin páànù kan náà, títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀. Láàárín wákàtí kan, mo ti rí i látorí gbígbẹ dé orí rírin gbingbin. Kò sí hóró ọkà kankan tó lè fún mi ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ òtútù sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Àwọn tó ń wọn òjò dídì

Lórí àwọn òkè Alps ní Yúróòpù, omi inú òjò dídì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Òjò dídì tó gbẹ lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fún ìgbà pípẹ́. Tí oòrùn tàbí òjò bá sọ omi sínú rẹ̀, ohun tó so hóró rẹ̀ mọ́ra á rọ, gbogbo òjò dídì ẹ̀gbẹ́ òkè náà lè ya wálẹ̀ sórí ọ̀nà àti ilé. Àwọn tó ń ṣọ́ odò náà fẹ́ mọ ìgbà tí òjò dídì orí òkè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi rẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, wọ́n ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní, ó sì ní ìpín tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí káàkiri ayé. Èyí tó gbẹ, ó ṣòro láti rọ ní bọ́ọ̀lù. Èyí tí omi rẹ̀ kò tó ìdá 3 nínú 100 máa ń lẹ̀ mọ́ra. Láti 3 dé 8, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lè fi omi hàn láàrin àwọn hóró, ṣùgbọ́n tí a bá fún un níwọ̀nba, kò ní í jáde. Láti 8 dé 15, tí a bá fún un, omi á jáde. Tó bá ti kọjá 15, ó ti mumi yó. Ọwọ́ wọn lórí òjò dídì, eyín wa lórí àgbàdo: ìmọ̀ gidi ni méjèèjì, àmọ́ kò sí èyí tó lè báni dá ẹjọ́ nígbà tí ẹni méjì bá takora.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yà sídìí iná mànàmáná. Ní Innsbruck lórílẹ̀-èdè Austria, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Denoth ṣe kapásítọ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tì bọ inú òjò dídì, 20 MHz ló ń lò. Ní Finland, àwọn onímọ̀ méjì, Sihvola àti Tiuri, gbé èyí tí wọ́n pè ní Snow Fork jáde lọ́dún 1986. Ìka irin méjì ló ní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún MHz ló sì fi ń gbọ̀n. Tiwọn gbọ́n jù ú lọ, nítorí ó ń ka ibi tí ìgbọ̀n náà dúró sí, ó sì tún ń ka bó ṣe mú tó tàbí bó ṣe gbòòrò tó, ìyẹn ló fi lè sọ ìwúwo òjò dídì àti omi inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lo ti Denoth gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n wọn ìwúwo lọ́tọ̀. Síbẹ̀ ti Denoth ni mo tẹ̀ lé. Pẹ̀lú ohun èlò tó wà nínú rédíò tó ti kú, èèyàn lè ṣe sẹ́kítì 20 MHz tó dúró ṣinṣin; ọgọ́rọ̀ọ̀rún MHz fẹ́ irinṣẹ́ tí n kò ní.

Ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Tí a bá fi páànù méjì ṣe kapásítọ̀, ohun tó bá wà láàrin wọn ló ń pinnu bí kapásítọ̀ náà ṣe tóbi tó. Ká fi afẹ́fẹ́ ṣe 1. Tí a bá ki yìnyín tó dì gbagidi sáàrin wọn, kapásítọ̀ náà á di ìlọ́po 3.15. Tó bá jẹ́ omi ní dígírì òdo ni, á di ìlọ́po 88. Ọlá àlàfo ńlá tó wà láàrin 3.15 àti 88 yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà ń jẹ, nítorí omi díẹ̀ á hàn ketekete láàrin yìnyín púpọ̀.

Denoth fi ìdánwò wá ìlànà kan tó so wọ́n pọ̀. Ìlọ́po náà jẹ́ 1, pẹ̀lú ìwúwo lọ́nà 1.92, pẹ̀lú ìwúwo tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà 0.44, pẹ̀lú omi lọ́nà 0.187, pẹ̀lú omi tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà 0.0045. Gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta la fi ń ka ìwúwo. Ìdá nínú 100 àyè tí gbogbo rẹ̀ gbà la fi ń ka omi.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Yìnyín wíwó tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 0.5, tí kò ní omi: 1 + 0.96 + 0.11, ó jẹ́ 2.07. Ẹ fi omi ìdá 5 sí i: 0.935 + 0.1125 ló gorí rẹ̀, ó di nǹkan bí 3.12. Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo yìnyín tó wà níbẹ̀, ìlàjì kìlógíráàmù nínú lítà kan, fi 1.07 kún afẹ́fẹ́. Omi tí kò ju ṣíbí oúnjẹ mẹ́ta mẹ́rin lọ nínú lítà náà fi bíi 1.05 kún un. Ìgbà tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni mo tó gbà pé ẹ̀rọ náà yóò ṣeé ṣe ní ilé mi.

Ìdí tí kò fi lè jẹ́ 555

555 ni ṣíìpù kékeré tó wọ́pọ̀ fún ṣíṣe sẹ́kítì tó ń gbọ̀n lọ́ra. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ dúró sí kó kà á lákàtúnkà.

Mólékù inú yìnyín, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntín tó para pọ̀ di í, lè yí padà tẹ̀ lé iná mànàmáná tó ń yí síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ́ra. Tí iná bá ń yí padà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á bá a rìn, ìlọ́po yìnyín á sì lé ní 90. Ìyẹn ni pé yìnyín á farahàn bí omi. Láti kHz mélòó kan (1 kHz jẹ́ ẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sókè ni ẹsẹ̀ wọn kì í ti í gbà á mọ́. Tó bá fi dé MHz, 3.15 ló kù. Omi ní tirẹ̀ yára gan-an: iná ní láti máa yí padà ní bílíọ̀nù mélòó kan ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kí omi tó rẹ̀yìn. Àárín méjèèjì ni ibi tí a ti lè dá omi mọ̀ yàtọ̀ sí yìnyín, ibẹ̀ sì ni 20 MHz wà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sẹ́kítì kejì pẹ̀lú 7555, ẹ̀dà 555 kan, tó ń gbọ̀n ní kHz mélòó kan, mo so ó mọ́ páànù kan náà kí n lè fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀. Yìnyín jáde láti inú fírísà ní dígírì 15 sísàlẹ̀ òdo. Bó ṣe ń móoru, ti 7555 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé omi ń pọ̀. Tẹmọ́mítà inú yìnyín náà ṣì ń sọ dígírì 6 sísàlẹ̀ òdo. Kò sí omi kankan níbẹ̀. Àwọn mólékù yìnyín ló ń yára sí i bí òtútù ṣe ń dín kù. Ti 20 MHz kò mira títí yìnyín fi dé òdo, lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo fẹ́ràn láti máa wo ìlà méjèèjì yẹn lórí ìwé gíráàfù, ọ̀kan ń gun òkè látìbẹ̀rẹ̀, èkejì tẹ́jú títí dé òdo kó tó dìde.

Ẹ̀kọ́ yìí kò parí sórí yìnyín. Nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, 555 ló wà nínú púpọ̀ wọn, ajílẹ̀ àti iyọ̀ inú ilẹ̀ sì máa ń ṣi wọ́n lọ́nà. Bí ìgbọ̀n bá ṣe lọọlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ṣe ń rí àyè dá sí i tó.

Kíkàn án

Bọ́ọ̀dù tó ní bàbà lójú kan ni mo gé ní ìgun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, méjì. Mo fi fánísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ojú bàbà náà kí omi má baà so wọ́n pọ̀ tààrà, mo sì fi ike mẹ́rin gbá wọn mú kí àlàfo wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 níbi gbogbo. Ẹ má fi pákó ṣe é. Pákó ń mu omi, ẹ ó sì máa wọn pákó mọ́ yìnyín. Ní ìṣirò, kapásítọ̀ páànù náà nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 4.4 pF (pF la fi ń wọn kapásítọ̀), bí a kò bá ka iná tó ń yọ jáde létí rẹ̀.

Kọ́ìlì 1 µH (µH la fi ń wọn kọ́ìlì) ni mo lò, pẹ̀lú kapásítọ̀ 60 pF kan tí n kò yọ kúrò níbẹ̀, kí páànù náà má baà máa gbé ìgbọ̀n lọ jìnnà jù. Ìṣirò sọ pé nínú afẹ́fẹ́ yóò gbọ̀n ní bíi 19.8 MHz, yìnyín gbígbẹ tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 0.5 á fà á wálẹ̀ sí bíi 19.1, omi ìdá 5 á tún fà á dé bíi 18.5. Ìrìn yẹn gbòòrò tó láti kà. Transístọ̀ 2N3904 kan ló ń mú kọ́ìlì náà gbọ̀n. Arduino mi kò lè ka 20 MHz tààrà, torí náà mo gba ìgbọ̀n náà kọjá nínú ṣíìpù 74HC393 tó ń pín in sí 16, ohun tó kù jẹ́ díẹ̀ lé ní 1 MHz, ìyẹn kò nira fún un.

Abẹ́là ni mo yọ́ sórí kọ́ìlì náà kí wáyà rẹ̀ má baà mira, mo sì gbé gbogbo sẹ́kítì sínú páálí kékeré tó jìnnà sí yìnyín níwọ̀n bí wáyà kúkúrú ṣe gbà. Wáyà tó gùn ń di kapásítọ̀ fúnra rẹ̀. Tí ọwọ́ bá súnmọ́ ọn, nọ́ńbà á yí. Bátìrì ni mo ń lò. Iná ilé ń lọ sókè sódò lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ń wọ inú sẹ́kítì bó ṣe ń wọ etí.

Ibi tí mo ti rí yìnyín tó dà bí òjò dídì

Yìnyín tí wọ́n ń tà ní bulọ́ọ̀kù kò dára fún iṣẹ́ yìí. Omi kànga tàbí bọ́họ̀ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe é, iyọ̀ inú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó bá sì ti ń yọ́, omi rẹ̀ á máa gbé iná, á sì máa fa agbára ìgbọ̀n náà wálẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni yìnyín funfun tó ń hù mọ́ ògiri fírísà. Láti inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, gẹ́gẹ́ bí òjò dídì fúnra rẹ̀, ó mọ́, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ sì pọ̀ láàrin rẹ̀.

Mo lọ bá ìyá kan tó ń ta omi tútù àti mínírà nítòsí gáréèjì. Fírísà rẹ̀ jẹ́ irú ti àtijọ́.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ há yìnyín ara fírísà yín, ẹ má dà á nù, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi? Ìyẹn ò ṣe é mu."

"Mo fẹ́ fi dán ẹ̀rọ kan wò ni, mà. Tó bá yá, yóò máa sọ bí káṣú ṣe gbẹ tó."

Ó ní àwọn ní oko káṣú lọ́nà Ìyàrà. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ohun kan náà ni yóò sọ fún èmi àti fún ẹni tó ń rà á?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò wúlò. Ó ní kí n máa gbé kúlà wá lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ há a. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fi àkókò tó pọ̀ jù lọ sí apá tó kàn yìí.

Bí mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ

Mo kọ́kọ́ fi ohun tí kì í yọ́ dán an wò. Nítorí pé iná ń yọ jáde létí páànù, ìṣirò 4.4 pF yẹn nìkan kò tó. Páànù gidi máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ri gbogbo páànù bọ inú kẹrosíìnì, tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2, jìnnà sí iná àti ààrò. Mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì rì í bọ inú òróró ẹ̀pà, tí ìlọ́po tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́, mo ti ní ojú àmì mẹ́ta: 1, 2, 3. Mo fa ìlà gba àárín wọn. Òróró ẹ̀pà wúlò lọ́nà pàtàkì, torí ibi tí ó wà kò jìnnà sí ti yìnyín tó dì gbagidi, kò sì sí ilé tí a kò ti lè rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yìnyín gbígbẹ. Mo wọn páànù àti yìnyín rẹ̀ lórí ìwọ̀n ilé ìdáná, mo yọ ìwúwo páànù kúrò, mo pín in pẹ̀lú àyè tó wà láàrin wọn, mo ní ìwúwo. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìwúwo á pọ̀ sí i, ìlọ́po á gòkè, ó sì gòkè bí ìlànà Denoth ṣe sọ. Òdo mi dúró.

Tó bá ti ń yọ́ ńkọ́? Ta ni yóò jẹ́rìí pé ìdá 5 ni omi tí ẹ̀rọ pè ní ìdá 5? Fúláàsìkì àti omi gbígbóná ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Láti yọ́ kìlógíráàmù yìnyín kan, ó fẹ́ ooru 334 kJ (kilojoule). Omi tó ti yọ́ tẹ́lẹ̀ kò tún fẹ́ ìyẹn mọ́. Torí náà, bí omi bá ti pọ̀ tó nínú yìnyín tí mo bù sínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í lè mú un tutù tó.

Ẹ mú omi gíráàmù 500 ní dígírì 60. Ẹ da gíráàmù 200 yìnyín sí i, kó wà ní òdo gan-an. Tó bá jẹ́ yìnyín lásán, yóò bọ́ sí bíi dígírì 20.1. Tí ìdá 10 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ bá ti di omi ṣáájú, bíi 22.4 ni yóò dúró sí. Ìyàtọ̀ tó lé ní dígírì 2 nìyẹn, tẹmọ́mítà DS18B20 lè rí i dáadáa, bí a bá fi ọ̀kan ṣoṣo wọn méjèèjì kí àṣìṣe rẹ̀ má baà yàtọ̀ láàrin wọn. Fúláàsìkì náà ń gba ooru díẹ̀ pamọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti omi tútù lásán dán an wò kí ẹ lè mọ iye tó ń mú, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ sì rántí pé fúláàsìkì ń fi ìwúwo ka omi, Denoth ń fi àyè kà á: ní ìwúwo 0.5, ìdá 10 ti ìwúwo jẹ́ ìdá 5 ti àyè.

Nígbà tí mo gbé méjèèjì síra wọn, ẹ̀rọ àti fúláàsìkì kì í jìnnà síra ju bí ìdá 1 lọ, láti òdo títí dé nǹkan bí ìdá 8. Tó bá kọjá ìyẹn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sàn lọ sísàlẹ̀ páànù. Apá òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á kún, ẹ̀rọ á sì máa sọ ìpíndọ́gba ohun tí kò sí níbì kan pàtó. N kò gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́ mọ́ láti ibẹ̀ lọ, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́.

Ohun méjì mìíràn ló ń yí nọ́ńbà padà. Àkọ́kọ́ ni àyè òfo láàrin yìnyín àti páànù. Kódà tí àyè náà bá tín-ín-rín bí èékánná, á fa nọ́ńbà wálẹ̀ púpọ̀, torí náà mo máa ń kún un títí, mo sì ń gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè jókòó. Èkejì ni ìrì. Lásìkò òjò, tí páànù tútù bá pàdé afẹ́fẹ́ Kábà, ìrì á sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tí kì í ṣe ti yìnyín sì nìyẹn. Mo ń fi nylon wé páànù kí n tó gbé e jáde nínú fírísà, inú nylon náà ni mo sì ti ń bu yìnyín sí i. Lásìkò ọyẹ́, ìyọnu yẹn kì í sí. Nọ́ńbà tó dára jù lọ tí mo ní, ọyẹ́ ló fún mi.

Ohun tó kù

Àgbàdo ló kàn. Òdo rẹ̀ kò lè wá láti inú fírísà, ó ní láti wá láti inú ooru: odindi hóró nínú ààrò oníná ní dígírì 103 fún wákàtí 72, kí a wọ̀n ọ́n ṣáájú, kí a sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, wákàtí 72 láìdáwọ́ dúró kì í ṣe ohun kékeré, mo sì ń bá ẹni tó ní ààrò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Omi inú hóró kì í hùwà bí omi inú yìnyín pátápátá. Apá kan nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ sítáàṣì, kò lè yí padà fàlàlà tẹ̀ lé iná, ìlọ́po rẹ̀ sì kéré sí ti omi lásán. Ìlànà Denoth kò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àgbàdo gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀, káṣú náà tirẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe fún ooru ojú ọjọ́. Sẹ́kítì kan náà ló máa ka gbogbo wọn.

Káṣú yóò fẹ́ páànù tó tóbi jù èyí lọ, torí àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 kò lè gba kóró rẹ̀ kí wọ́n tò mọ́ra dáadáa. Mo ti ń gé èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 sí 20, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5. Kapásítọ̀ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ yóò jẹ́ bíi 7.1 pF láìka etí rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kọ́ìlì 1 µH àti 60 pF náà lè wà bí wọ́n ṣe wà.